Ìṣirò Bàbá Àpáta Ṣẹ́kù

Olóòtú àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà ọjà tó gbówó lórí. Àbúrò mi obìnrin ló máa ń ya fọ́tò ojú ewé lẹ́tà inú ìwé ìròyìn yín, tí á fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó fi lẹ́tà bàbá kan tó ń gbé ní Àpáta, n'Íbàdàn, ránṣẹ́, ó sì fi ẹ̀rín sí ìdí rẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á, lágogo méje àárọ̀ kù díẹ̀, bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo pé, "Irọ́ ni!" Òyìnbó tó jókòó níwájú mi bojú wẹ̀yìn.

Kì í kúkú ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Bàbá náà ní fún ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó tó kéré jù tí òfin ìlú ọba gbà kí wọ́n san fún àgbà òṣìṣẹ́ ni £12.21 ní wákàtí kan. Òótọ́ ni. Wọ́n ní tí èèyàn bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ní nǹkan bíi 2,000 náírà sí pọ́n-ùn kan, ó lé ní 24,000. Òótọ́ ni. Wọ́n wá ní wákàtí mẹ́ta péré ni ará London fi ń pa 70,000 náírà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù, tí òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ń fi odindi oṣù kan lé kiri. Ìyẹn náà ò ṣeé já ní koro. Ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ sí ló dùn mí: wọ́n ní ẹni tó bá wà lókè òkun tó ní òun ò lówó, tí kì í bá ṣe ahun, á jẹ́ pé ó ti gbàgbé ilé.

Bàbá, ẹ má bínú pé mo fẹ́ dá yín lóhùn. Ọmọ Yemẹtú, n'Íbàdàn, ni mí. Ọdún 2009 ni mo dé ìlú ọba, Abbey Wood ni mò ń gbé, ní gúúsù ìlà oòrùn London, nítòsí ibi tí ojú irin Elizabeth line parí sí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, £12.21 tí ẹ ṣírò yẹn gan-an ni wọ́n ń san fún mi lọ́dún 2025 yìí, kò fi kọ́bọ̀ kan lé. Torí náà mi ò fẹ́ sọ ìtàn fún yín. Ìwé owó oṣù mi wà níwájú mi lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Wákàtí 40 ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀. Kí owó tó dé báńkì, ìjọba ti yọ owó orí, wọ́n ti yọ National Insurance, ìyẹn owó adójútòfò tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n sì ti yọ owó ìfẹ̀yìntì. Ohun tó ń wọlé lóṣù jẹ́ nǹkan bíi £1,750. Tí ẹ bá fi iye wákàtí tí mo fi ṣiṣẹ́ pín in, £10 péré ni wákàtí kan ṣẹ́kù sí. Mo fẹ́ràn £10 yìí torí ó rọrùn láti fi ṣírò. Tí mo bá rí bàtà £40 ní ṣọ́ọ̀bù, wákàtí mẹ́rin ni mo rí. Ṣé ẹsẹ̀ mi wá tó wákàtí mẹ́rin tí mo fi ń yí màmá tó wà ní yàrá kejìlá padà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, tí ó ń pè mí ní orúkọ ọmọ rẹ̀ tí kò wá wò ó láti ọdún Àjíǹde? Lọ́pọ̀ ìgbà, màá dá bàtà náà padà sórí pẹpẹ.

Àbúrò mi tó ń fi ìwé ìròyìn ránṣẹ́ yẹn, olùkọ́ ni nílé ìwé aládàáni kan lápá Ọ̀jọ́ọ̀. 70,000 náà ni wọ́n ń san fún un. Tí a bá fi wákàtí pín tirẹ̀, 400 náírà ló ń gbà ní wákàtí kan. Nígbà tí lẹ́tà yín dé, a jókòó ti fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Sunday, èmi pẹ̀lú bírò, òun pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù rẹ̀. A ní ká gbàgbé pọ́n-ùn, ká gbàgbé náírà, ká fi wákàtí nìkan ra ọjà, ká wo ẹni tí ọjà máa yọ̀ fún.

Ẹyin la fi bẹ̀rẹ̀. Iye tó ra kéréètì kan kẹ́yìn ni 5,800 náírà. Wákàtí mẹ́rìnlá àbọ̀ nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ní tèmi, ẹyin 30 kò gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ẹnu rẹ̀ wọhò. Mo ní, "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà níbí. Ẹyin kan ló kù nínú abọ́, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ ń wo ara wa."

A bọ́ sórí ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì London jẹ́ £1.75 lọ́dún 2025 yìí, tí o bá sì tún wọ òmíràn láàárín wákàtí kan, wọn ò ní gbowó kún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló bo ó. Máíkírà tó gbé àbúrò mi láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Bódìjà gba 300, ìyẹn ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ẹni méjì sì jókòó lórí àga kan níwájú, ọ̀pá jíà wà láàárín ẹsẹ̀ ẹnì kan. A dé orí iná. Àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní àwọn ń fún ní iná tó pẹ́ jù lójúmọ́, tí wọ́n gbé owó tiwọn láti 68 náírà sí 225 lórí ẹyọ kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, á ṣiṣẹ́ ju ààbọ̀ wákàtí lọ kí wọ́n tó jẹ ẹyọ kan tán bí owó wọn bá jẹ́ irú ti àbúrò mi. Ní tèmi, ẹyọ kan ò tó ìṣẹ́jú méjì. Bàbá Àpáta, lórí oúnjẹ, lórí ọkọ̀, lórí iná, ẹ borí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin.

Orí ilé ni ìṣirò náà ti yíwọ́. Èmi àti ìyá ará Iléṣà kan la jọ gba fúláàtì oníyàrá méjì. £1,600 lóṣù, a pín in sí méjì, £800 kàn mí. Ìyẹn wákàtí 80. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nínú oṣù ni mo fi ń ṣiṣẹ́ fún onílé, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún ọ̀fun èmi àti ọmọ mi. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun náà ti ka tòun. Yàrá kan àti pálọ̀ tó ń gbé jẹ́ 350,000 lọ́dún. Owó oṣù márùn-ún. Nínú ọdún olóṣù méjìlá, oṣù márùn-ún ló fi ń sin onílé, èmi náà sì ń fi ohun tó lé díẹ̀ sí ìyẹn sin tèmi. Ẹ ò rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni onílé London àti onílé Ìbàdàn! Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé oṣooṣù ni tèmi ń gbà á, owó ìdógò tó gbà lọ́wọ́ mi kò sì gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ lábẹ́ òfin. Ti àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, owó ọdún kan lórí tábìlì, ti ajẹ́ńtì yàtọ̀, ti lọ́yà yàtọ̀. Níbo ni olùkọ́ ti fẹ́ kó owó oṣù márùn-ún jọ lẹ́ẹ̀kan náà? Èmi ni mo san án. Ibẹ̀ ni apá kan lára wákàtí mi ń lọ, bàbá, ẹ ò sì kà á mọ́ ọn.

Ohun tí ìṣirò yín ò kà ni ihò tó ń gbé owó náà lọ. Owó káńsù wà, ayálégbé ló ń san án fún ìjọba ìbílẹ̀ lórí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. £70 ni ìdajì tèmi lóṣù. Ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ tó ń gbé mi bọ̀, ó lé ní £100 lóṣù. Iná àti gáàsì, fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Oúnjẹ, nǹkan bíi £260. Ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n, £174.50 fún ọdún 2025. Nígbà tí mo dé orí èyí, àbúrò mi dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun ẹ tún un sọ. Owó kí ẹ tó lè wo tẹlifíṣọ̀n tí ẹ fi owó yín rà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó pe ọkọ rẹ̀ kó wá gbọ́.

Irun ọmọ mi tún wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá dì í ní Woolwich, £80, wákàtí mẹ́jọ. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì í fúnra mi lójú YouTube. Ó ń wọ fìlà lé e.

Tí gbogbo ìyẹn bá lọ tán, £200 kúrò fún ilé: ti Màmá, ti ọmọbìnrin tó ń bá wọn gbé, ti ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ti ẹni tó ń ṣe ìsìnkú. £200 jẹ́ 400,000 náírà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù mẹ́fà àbúrò mi. Ó sì jẹ́ ogún wákàtí nínú oṣù mi. Ẹni tó gbà á ń rí oṣù mẹ́fà, ó ń rò pé mo ti jẹ ìyókù. Èmi tí mo fi ránṣẹ́ ń rí alẹ́ méjì àbọ̀ tí mi ò sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òtútù, torí wọ́n máa ń rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Lóṣù kejìlá, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Èmi àti ìyá Iléṣà ní òfin: hítà kò gbọdọ̀ tàn kí agogo mẹ́fà tó lù, tó bá di agogo mẹ́sàn-án a ó pa á. Mítà iná tiwa, kọ́kọ́rọ́ ike kékeré la fi ń kówó sí i. O máa mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọn á bá ọ fi owó sí i, o máa wá kì í bọ mítà. Ti gáàsì, káàdì ni. Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni owó ìdúró tí wọ́n ń yọ lójoojúmọ́, bí o tan iná bí o kò tàn án, ó tó 80 pẹ́ńsì fún méjèèjì pọ̀. Tí o bá rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o máa dé bá gbèsè.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní ọdún 2023, gáàsì tán. Ẹ̀yáwó pàjáwìrì tí mítà máa ń fún èèyàn, a ti jẹ ẹ́ tán lánàá ọjọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù ti tì. Ọmọ mi ń gbọ̀n lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì. Mo ṣí àpótí mi, mo yọ aṣọ òkè ìgbéyàwó mi, ìró, ìborùn, gbogbo rẹ̀, mo fi wé e bí òkú ìjòyè. Ó sùn. Láàárọ̀, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, "Mummy, ta ló ń ṣègbéyàwó?" Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ń sọ pé NEPA mú iná lọ. Iná ò lọ rí níbí láti ọdún 16. Àwa fúnra wa ni NEPA ara wa.

Mo wá sílé lóṣù kejìlá ọdún 2024, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màmá mi ló ṣubú sí ẹ̀bá gọ́tà, tí ọrùn ọwọ́ wọn dá. Ẹni ọdún 79 ni wọ́n. Ojú gọ́tà tí wọ́n ṣubú sí náà ni mo ti ń fò kọjá láti kékeré, pákó tó wà lórí rẹ̀ ò tíì yí padà, àyàfi tó ti jẹrà. Mo sọ èyí torí àwọn tó máa ń sọ pé ilé ni àgbà ti ń gbádùn. Wọ́n ń gbádùn, àmọ́ wọn ò lè jáde. Nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé wọn lọ, kí dókítà tó fọwọ́ kan ọwọ́ náà, a ti san owó káàdì, a ti san owó àsansílẹ̀, a ti ra ìbọ̀wọ́ àti báńdéèjì níta. Ọmọ mi náà ṣẹ́ ọwọ́ níbí lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò bi mí lówó. Wákàtí mẹ́sàn-án la fi jókòó lórí àga, ọmọ ń sunkún, ọ̀mùtí kan ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àmọ́ nígbà tí a jáde, ìwé tó wà lọ́wọ́ mi kò ní iye owó kankan lórí. Àwọn tó ń bọ̀ láti ilé nísinsìnyí pẹ̀lú físà ọmọ ilé ìwé ń san £776 lọ́dún fún ìlera kí wọ́n tó wọ bàálù, torí náà kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀fẹ́ fún wọn. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n mú ibi tí màá ti dá ọwọ́, ibí ni màá mú.

Nígbà tó wá ku ìtọ́jú lẹ́yìn pé ọwọ́ dá, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọbìnrin kan ń bá Màmá gbé, 35,000 ni mò ń fún un lóṣù pẹ̀lú oúnjẹ àti owó iṣẹ́ aṣọ rírán tó ń kọ́. Òun nìkan kọ́. Ìyá tó ń ta ògì á wọlé lówùúrọ̀, kò ní kanlẹ̀kùn. Bàbá tó ń tún rédíò ṣe á dúró lójú fèrèsé, á ka àwọn tó kú nínú ọ̀sẹ̀ náà fún wọn. Àwọn ọmọ ilé kéú á wá pọn omi. Mo jókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ka ẹni mọ́kàndínlógún tó bá Màmá sọ̀rọ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ariwo ń pa mí lórí. Gẹnẹrétọ̀ ilé mẹ́ta ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, pẹtiróòlù ti lé ní 1,000 náírà ní lítà, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i rà, mọ́ṣáláṣí ń pè, ìjọ kan ń ṣe ìṣọ́ òru pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́rin. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ń rí oorun sùn báyìí?" Wọ́n ní, "Èwo ni kí n wá máa fi oorun ṣe?"

Níbi iṣẹ́ mi, owó tí àwọn arúgbó kan ń san ju £1,000 lọ lọ́sẹ̀. Mo ní lọ́sẹ̀. Ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju £23,250 lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò san gbogbo rẹ̀. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa, ẹni ọdún 91, ilé tó fi ọdún 25 san owó rẹ̀ ni wọ́n tà láti fi tọ́jú rẹ̀. Yàrá rẹ̀ gbóná, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ilẹ̀ dán. Tí mo bá wọlé láti fún un lóògùn, á ní kí n dúró díẹ̀. Mi ò lè dúró, ẹni mẹ́jọ ló kù. Mo máa ń ronú pé tí a bá lè gbé bẹ́ẹ̀dì bàbá yìí lọ sí Yemẹtú, tàbí ká gbé ìyá ológì wá sí ibí. Àmọ́ wọn ò ní fún ìyá ológì ní físà. Láti oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ gbà láti òkè òkun.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an ló kù.

Mo ra ilẹ̀ kan sí Mọníyà, àbúrò mi ọkùnrin ló ń bá mi ṣọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. (Ó ti mọ̀ pé mo fẹ́ kọ ọ́, ó ní kí n má ṣáà ti dárúkọ òun.) Lóṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ní àpò síméńtì ti di 11,500. Mo fi owó àpò 200 ránṣẹ́. Nígbà tí mo dé, mo gba ọ̀nà Bódìjà lọ ra ẹja, mo yà sí ilé ẹni tó ń ta síméńtì, mo kàn bi í. Ó ní 8,300. Mo lọ sí ibòmíràn, 8,300. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,200 lórí àpò kan. Lórí 200 àpò, 640,000 náírà. Ẹ mọ bí orí mi ṣe rí nísinsìnyí: £320, wákàtí 32. Alẹ́ mẹ́rin.

Mo pè é sí ẹ̀yìnkùlé, mi ò jẹ́ kí Màmá gbọ́. Mo ti múra ìjà. Kò sẹ́. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó fi fọ́tò kan hàn mí, èmi fúnra mi ni, lọ́dún 2011, mo fara ti mọ́tò dúdú kan tó ń dán, mo wọ kóòtù, mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò ta nìyí?" Ti ọ̀gá wa ni. Iwájú ilé iṣẹ́ la ti yà á. Ó ní, "Ẹ sọ fún Màmá pé nọ́ọ̀sì ni yín. Ẹ ní ẹ ní ilé. Ẹni tó gun irú mọ́tò yìí, mo rò pé 3,000 lórí síméńtì ò lè dùn ún. Ilé ìwé ọmọ mi ni mo fi san."

Olóòtú, mi ò rí èsì fọ̀. Kì í ṣe pé kò jalè, ó jalè. Àmọ́ èmi ni mo kọ́kọ́ pa irọ́. Ọdún 13 ni mo fi jẹ́ kó gbà pé mọ́tò yẹn tèmi ni. Títí di ìgbà náà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé rí pé ìdí àgbàlagbà ni mò ń nù, pé yàrá kan ni mo gbà, pé èmi àti ẹlòmíràn la jọ ń lo ilé ìdáná tí a sì fi bébà lẹ orúkọ mọ́ àpò gààrí inú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí mo bá pe ilé, ohun tí mò ń sọ ni pé "a dúpẹ́." Ará ilé náà sì ń bù kún owó ọjà torí wọ́n rò pé kò ní tán. Bí àwa ṣe ń fi ọ̀wọ́n pamọ́ ni àwọn ń fi ọ̀pọ̀ pamọ́. Lẹ́tà Bàbá Àpáta, àti irú rẹ̀ tí a máa ń kà nínú ìwé ìròyìn yín, inú òkùnkùn yìí ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n mọ iye tí wọ́n ń san fún wa ní wákàtí, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sọ iye tí a ń ná fún wọn rí.

Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ bá wa ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n ìpolówó òkú lọ, kí ẹ máa tẹ iye owó ọjà síbẹ̀. Kóńgò gààrí, kóńgò ìrẹsì, kéréètì ẹyin, lítà pẹtiróòlù, gáàsì ìdáná, àpò síméńtì. Bódìjà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tó bá ṣeé ṣe kí ẹ fi ti ọjà Mile 12 l'Ékòó àti ti ọjà kan ní Oṣogbo sí i. Akọ̀ròyìn yín kan ló kàn máa lọ sọ́jà láàárọ̀ Monday, kó má sọ fún wọn pé akọ̀ròyìn ni òun, kó máa bi wọ́n bí ẹni tó fẹ́ rà. Àwa tó wà níta náà á máa fi tiwa ránṣẹ́ lóṣooṣù: owó ilé, owó iná, iye tó wọlé àti iye tó kù. Tí ẹ kò bá rí ẹlòmíràn, èmi á ṣe ti London. Kò sí fọ́tò mọ́tò níbẹ̀.

Ti oṣù yìí rèé, kí ó má baà dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní Plumstead, iṣu Gáná kan, £8. Mo là á, ìdajì ti jẹrà, oníṣu ò sì gbà á padà. Ẹyin 30 ò tó £7. Kọ́kọ́rọ́ iná, a fi £20 sí i lọ́jọ́ Ẹtì, ó ku £6.40 lówùúrọ̀ yìí. Hítà ò tíì bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan mi ṣì jẹ́ £10.

Ti Bódìjà ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, síméńtì ni kí ẹ fi ṣíwájú. Àbúrò mi ọkùnrin pè lánàá, ó ní ó ku àpò 60 tí wọn yóò fi rẹ́ ògiri.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Àyìnkẹ́,
Abbey Wood, London.